Orogún Inú Àpò Kámẹ́rà

Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí fọ́tò ló ń yà jẹun. Kámẹ́rà méjì ló ní. Èyí ńlá wà fún oníbàárà. Kékeré, èyí tó ń wọ inú àpò ṣòkòtò, wà fún ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí ńlá ní Orogún.

"Ẹ ò rí Orogún mi," obìnrin náà á ní. "Òun lẹ máa ń gbé lọ sóde, èmi lẹ fi ń ṣọ́lé."

Fọ́tò á rẹ́rìn-ín. "Ṣebí o ò lọ síbì kankan? Màá fi yà ẹ́ lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ náà kò dé. Àìsàn ráńpẹ́ ló gbé obìnrin náà lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin pè é láti ìlú mìíràn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ fọ́tò Màámi, kó tóbi dáadáa. Ojú wọn ni mo fẹ́ máa kọ́kọ́ rí tí mo bá jí."

"Ìyẹn ò le," ni Fọ́tò wí.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀, kámẹ́rà kékeré ló yà wọ́n, nínú kíṣìnnì tí gílóòbù ibẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ń tòògbé. Ó mú èyí tí obìnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà ò ṣókùnkùn rárá. Àmọ́ bó ṣe ń fẹ̀ sí i ni ojú ń di iyanrìn, tí ẹ̀rín ń tú ká.

Ó kúkú mọ ìdí ẹ̀. Ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kékeré kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ti Orogún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó páálí ìṣáná. Gbé ife àti bàsíà sínú òjò kan náà, omi wọn ò lè dọ́gba. Níbi tí iná ò bá ti tó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kékeré ń rí gbà. Á wá fipá mú kí àwòrán mọ́lẹ̀, iyanrìn á sì bá a wá. Àìmọye ìgbà ló ti ṣàlàyé ẹ̀ fún oníbàárà. Ojú ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ, tìpéǹpéjú tìpéǹpéjú. Ti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò ní. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó dùn ún dé egungun.

Ó gbé Orogún lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dojú rẹ̀ kọ àga inú kíṣìnnì, lábẹ́ gílóòbù kan náà. Ó yà á. Gbogbo rẹ̀ hàn kedere: fọ́nrán òwú tìmùtìmù, abẹ́rẹ́ tí obìnrin náà gún mọ́ etí tìmùtìmù náà, ibi tó máa ń jókòó sí tó ti tẹ̀ wọnú.

Fóònù dún.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí èyí tó mọ́ dáadáa?"

"Mo rí ọ̀kan."

"Ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

Fọ́tò wo àga náà títí.

"Màmá ẹ ti dìde," ló wí, "kí n tó dé."