Ìkòkò tí Mo Ṣí Nítorí Tòlótòló

Hasanat ọmọ mi ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán. Lójú tiẹ̀ ló ti tán. Ìwé kejì ni mo kà dé kí ìyá mi tó fà mí jáde pé kí n máa bá òun ru apẹ̀rẹ̀ adìyẹ lọ sọ́jà, nítorí náà, bí mo ṣe lè kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ìgbògbò nilé wa wà, ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú. Èmi ń gbé iwájú, àwọn ayálégbé ń gbé ẹ̀yìn. Caroline wà lára wọn. Ọmọ Íbò ni, edé ló ń tà, ọ̀dọ̀ wa ló sì bí ọmọ rẹ̀ kejì sí. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sí ọjọ́ tó kọjá níwájú mi tí kò kúnlẹ̀ kí mi.

Èmi ń sin tòlótòló. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń sìn wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni abo funfun kan tí mo so àkísà pupa mọ́ lẹ́sẹ̀. Wòlímà Waliyah, ọmọ Hasanat, ni mo ń fi í pamọ́ dè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo da oúnjẹ sílẹ̀, gbogbo àwọn yòókù jáde wá, òun ò wá. Mo wo inú gọ́tà, mo wọ ilé tí wọn ò tíì parí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo pè é títí ohùn mi fi há. N ò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń kọjá lọ sẹ́yìn ilé ni mo gbọ́ tí Caroline ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. N ò gbọ́ èdè wọn rárá. Ó ń sọ ọ́ lọ wéréwéré, àfi bí mo ṣe gbọ́ "tolotolo." Mo dúró. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ọwọ́ wọn nǹkan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń júwe bó ṣe tóbi tó, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

N ò bi í pé kí ló ń sọ. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, mò ń fọkàn rò ó: kí ló kan Íbò kan tòlótòló? Orúkọ tiwa nìyẹn, Yorùbá la fi ń pè é. Tó bá wá di pé ẹni tó ń sọ èdè mìíràn ń pè é bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èyí tó rí nínú ọgbà mi ló ń sọ, mo sì ti fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná, ó ń hó. Àwọn obìnrin ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ, Bùnmi télọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo fi etí ìró mi ká ọwọ́, mo ṣí ìkòkò Caroline. Ká ní mo ṣí i lásán ni, ì bá sàn. Mo mú ìgbakọ, mo rò ó dé ìsàlẹ̀, mò ń wá itan tòlótòló.

Caroline já fóònù sílẹ̀. "Màmá, kí lẹ ń wá nínú ìkòkò mi?"

"Tòlótòló mi ni mò ń wá. O rò pé n ò gbọ́ ọ ni? Ò ń pè é lórúkọ, ò ń rẹ́rìn-ín! Níbo lo kó o sí?"

"Èmi kẹ̀, Màmá? Èmi?"

"Ta ni mò ń bá wí? Ògiri?"

Bùnmi gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá Hasanat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ yín lẹ dì mú yẹn o."

Obìnrin kan láti ilé kejì fi ẹ̀rín sí i. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un rò dáadáa. Bóyá ó ti sá wọ abẹ́ ẹ̀wà."

Ẹ̀wà ni lóòótọ́. Ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ díẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, n ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín tàbí òun.

Caroline ò bú mi. Ó gba ìgbakọ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó gbé e dé ẹnu gọ́tà, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Oúnjẹ ọmọ méjì tí ń lọ sílé ìwé. Ó ní, "Ọwọ́ tó ń wá olè ti wọ inú ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò ní jẹ ẹ́."

Nígbà tó kó jáde lópin oṣù, ó kí Bùnmi, ó kí àwọn ọmọ ilé, ó kí onímọ́tò tó ń kó ẹrù rẹ̀. Ó gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná. Wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ló kó lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ọjọ́ kẹta tí Caroline lọ ni Bùnmi lọ da ìdọ̀tí sẹ́yìn ògiri, ó wá ń pariwo orúkọ mi. "Màmá! Màmá Hasanat! Ẹ wá wo olè yín o!"

Abẹ́ páànù àlòkù ni. Tòlótòló mi ló sàba lé ẹyin mọ́kànlá, àkísà pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń halẹ̀ mọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òun. Àsútáfúrúlà. Abo tòlótòló máa ń sá lọ yé ẹyin síbi tójú ò ti ní tó o, ọmọdé tó bá ti sìn ín fún ọdún kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti sìn wọ́n fún ogójì ọdún, inú ìkòkò ẹ̀wà ni mo lọ wá a sí.

Mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì Ìkòròdú. Nígbà tí a ń kọjá oríta tí wọ́n ti ń yà sí Èjìnrìn ni ara mi wá tutù. Ọjà Èjìnrìn ni ìyá mi ń ná nígbà tí mo kéré, èmi ló ń ru apẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó àwọn èèyàn dé, Ìjọ apẹja, Íbò, Gàm̀bàrí, àwọn tí a ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìyá mi ò gbọ́ èdè ẹnì kan nínú wọn. Yóò na apẹ̀rẹ̀ síwájú, yóò ní "tòlótòló," ojú wọn yóò là. "Tolotolo," ẹni yìí á dáhùn. "Talotalo," Gàm̀bàrí á ní. Wọn á fi ìka ṣàdéhùn tó kù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń sọ pé, "Ìyá mi, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n!" Ìyá mi á ní, "Ẹyẹ tó rìn jìnnà ni, orúkọ ẹ̀ ló ń gbé rìn."

Nítorí náà, kì í ṣe pé n ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo kàn gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí pé ó wù mí kó jẹ́ Caroline.

Ìdí àgò adìyẹ ni mo bá Caroline, lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Adìyẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tà. Caroline fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Mo sọ fún un pé a ti rí tòlótòló náà, mo sì sọ ibi tí a ti rí i.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá gbé tolotolo funfun tó ní àkísà pupa lẹ́sẹ̀ wá tà á fún un, kó dì í mú, pé ti màmá wa ni."

"Ẹ̀rín yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ní tolotolo tí ìyá tó bí wa ń sìn nílé, kò sólè tó lè gbé e dé oríta, ariwo ẹ̀ á ti pe gbogbo abúlé."

Ti màmá wa. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga kí n kúnlẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ ju ìyá mi lọ. Ṣùgbọ́n ibí kọ́, Màmá. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ló wà níbí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ò sí níbí."

Hasanat yarí nígbà tí mo sọ fún un. "Àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ ti lọ bá a dé Ẹ̀pẹ́, kí ló tún kù?" Lówùúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ìdí ẹ̀rọ omi kún, mo ní kí Bùnmi bá mi pe Caroline, kó ṣe é kí gbogbo èèyàn lè máa gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣojú yín ni mo ti ṣí ìkòkò Caroline. Caroline ò jí nǹkan kan. Tòlótòló mi kàn lọ sàba lẹ́yìn ògiri ni. Èmi Fàlílátù, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn, irọ́ burúkú, mo sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Caroline, jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Adìyẹ ń ké nínú fóònù.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó ní, fóònù sì dákẹ́.

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Bùnmi ní kí n wá jókòó, mo ní rárá. Mo dúró síbẹ̀ títí kẹ́ẹ̀gì gbogbo wọn fi kún, kí ẹni tó bá fẹ́ wò mí lè wò mí.