Ihò Mẹ́ta Nínú Ẹ̀yìn Ìwé

Ihò abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wó iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe lórí ìwé Faransé àtijọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé ló sì rí àwọn ihò náà.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí ní ilé ìkàwé yunifásítì tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tó ya, tí kòkòrò jẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ já, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá nínú yàrá ìsàlẹ̀. Kò kàwé kọjá ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹnì kan ní láti dúró ti ìyá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ní kí àbúrò òun máa lọ sílé ìwé, òun á dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Àbúrò kàwé, ó kà á débi tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ó lọ sókè òkun, ó dé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Faransé àti ìtàn ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kúrò nídìí aṣọ, ó lọ bá arúgbó kan tó ń tún ìwé ṣe. Arúgbó náà kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń wò títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìwé tó sọ àbúrò di ẹni ńlá kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Faransé ló kọ ọ́ láti fi kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọn yóò ṣe máa kó ọmọ ọ̀dọ̀ níjàánu. Ó ti lé ní igba ọdún. Ní àárín rẹ̀, ewé mẹ́jọ wà tí wọn kò tẹ nǹkan kan sí, ọmọ ọ̀dọ̀ kan sì ti fi ọwọ́ kọ̀wé kún gbogbo wọn. "Ọwọ́ mi tutù. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹni tí kò gbé garawa rí ni kì í mọ bí omi ṣe wúwo." Báyìí ni àbúrò ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Abẹ́rẹ́ kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Àbúrò ní ọmọ ọ̀dọ̀ náà mú ìwé lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, ó kà á, inú bí i, ó sì dá ọlọ́lá lóhùn nínú ikùn ìwé ọlọ́lá. Ó kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní báyìí, yunifásítì fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìtàn ìwé sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi í ṣe olórí rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kò lè jókòó lé e, àbúrò sì ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Wọ́n fẹ́ gbé ìwé kékeré náà sínú àpótí onígíláàsì kí gbogbo ènìyàn lè rí i, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ni wọ́n bá gbé e lọ bá Abẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó tú òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá tú ìwé rí kò mọ̀ pé bí aṣọ ni wọ́n ṣe ń rán an. Wọ́n á ṣẹ́ bébà po, wọ́n á ki ọ̀kan bọ inú èkejì, wọ́n á fa òwú gba ibi tó ṣẹ́ po. Ihò márùn-ún ni òwú ìwé yìí gbà. Abẹ́rẹ́ dé àárín, ó dé ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà kọ̀wé sí, bébà mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ́ po di ewé mẹ́jọ. Ihò márùn-ún wà níbẹ̀. Ihò mẹ́ta mìíràn tún wà níbẹ̀ tí òwú ìwé náà kò gbà.

Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo bébà tí wọ́n tẹ̀wé sí, èyí tó gbé wọn mọ́ra: ihò márùn-ún péré. Ó gbé iná sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀kan nínú ihò mẹ́ta náà, ó rí kinní kan tó dúdú, tí kò ju orí èèrà lọ. Ó fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ìgbà tí ó mọ ohun tí ó jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró. Mo ní ìpàdé."

"Jókòó."

"Ṣé ìwé náà ti bàjẹ́ ni?"

"Kò sóhun tó ṣe ìwé. Ìwọ ni mò ń rò."

Ó fi ihò náà hàn án. Ó sọ ohun tí ó rò: pé bébà mẹ́rin yìí ti wà lọ́tọ̀ kí wọ́n tó débí, pé ẹnì kan, bóyá òǹtàwé tó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ yá, ló ki wọ́n bọ inú ìwé ọlọ́lá.

Ojú àbúrò le. "Ihò? Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi awò wo gbogbo ojú ewé yìí. Mo ti yẹ yíǹkì rẹ̀ wò. Bébà ọ̀hún, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀!"

"Gbogbo ará àdúgbò ló lè ra bébà nílé iṣẹ́ kan náà. Ṣé o wo ibi tó ṣẹ́ po?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó? Òfin ni pé a kì í la ìwé àtijọ́ kọjá ìdajì. Ta ló ṣe òfin yẹn? Ṣebí ẹ̀yin ni!"

Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ló ṣe òfin náà kí ẹ̀yìn ìwé má baà já. Òun ló rán tìmùtìmù tí wọ́n ń gbé ìwé lé, tí kì í jẹ́ kó là ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni àbúrò fi ka ìwé lórí tìmùtìmù yẹn, tí ihò mẹ́ta wà níwájú rẹ̀ tí kò rí i.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀," ni àbúrò sọ.



"N kò lè kà á," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ohun tí wọ́n bá rán ni mo lè kà. Gba abẹ́rẹ́. Ki í bọ ihò yẹn fúnra rẹ."

Àbúrò gbà á. Abẹ́rẹ́ náà wọ bébà kìíní, ó wọ èkejì, ó wọ ẹ̀kẹta, ó wọ ẹ̀kẹrin bí ìgbà tí ó ń wọ ilé rẹ̀. Ó kan bébà títẹ̀, ó dúró gbagidi. Àbúrò gbìyànjú ihò kejì. Ó gbìyànjú ẹ̀kẹta. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ náà kò dá ọlọ́lá lóhùn, àbí?" ni àbúrò bi í.

"Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin náà wà láyé. Ṣùgbọ́n wo èyí." Ó gbé awò sí i lójú. "Òwú tó ṣẹ́kù nìyẹn. Wo kókó rẹ̀."

Àbúrò wò ó pẹ́. Ní kékeré, òun náà ti jókòó lábẹ́ ẹ̀rọ ìyá wọn, ó ti ta irú kókó yẹn sí etí aṣọ oníbàárà títí ìka fi ń dùn ún.

"Kókó Màámi," ó wí.

"Kókó aránṣọ ni. Ẹni tó ń rán ìwé kì í ta á. Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ bébà yìí, òun ló gún un, òun ló rán an. Kò kọ̀wé sínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó ṣe tirẹ̀."

Àwọn méjèèjì tẹrí ba sí kókó tí kò tó orí èèrà, wọn kò sì fẹ́ mí sí i. Ta ló fún ọmọ ọ̀dọ̀ náà ní bébà? Ibo ló jókòó sí? Ọwọ́ tó ń dùn ún nítorí garawa, ọwọ́ yẹn náà ló ta kókó yìí, kókó náà sì ti la igba ọdún kọjá láìtú.

Nígbà tó yá, àbúrò ní, "Bí a bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Màá rán an padà. Ihò á fara pamọ́ sínú, kò ní sẹ́ni tó máa rí i."

"Títí láé?"

"Títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tún já. Ìyẹn á tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àbúrò, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú. "Ṣé ẹ máa rán an, bí mo bá ní kí ẹ rán an?"

"O mọ̀ mí. Màá rán an. N kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Àbúrò nu ojú. "Kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Mo ti wá a títí. Kókó yìí nìkan ló fi sílẹ̀." Ó dìde. "Ẹ má rán an."

Ní Ọjọ́bọ̀, àbúrò dúró níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Àwọn ènìyàn ń retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní, "Ohun tí mo kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí i. Abẹ́rẹ́ rèé, ẹ wá wò ó fúnra yín." Alága ìgbìmọ̀, bàbá arúgbó kan, bọ́ síwájú, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo kókó náà nínú awò. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé e padà.

Síbẹ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó jẹ olórí. Ẹlòmíràn ló gba àga náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àbúrò pé ọgọ́ta ọdún.

Abẹ́rẹ́ ti fi awọ pupa di ìwé ńlá àbúrò rẹ̀ níkọ̀kọ̀, ó sì fi wúrà tẹ orúkọ rẹ̀ àti oyè tuntun náà sí i, kó fún un ní ọjọ́ tó bá jókòó lórí àga. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tú ká, ó tú u, ó gé awọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì ń fi lẹ ẹ̀yìn ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ó ti dúró de àga yẹn láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló sì fi gba àga ọ̀hún lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.