Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ràzíátù Sọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ sún mọ́ mi, òfófó gbígbóná ni mo gbé dé. Ti Ràzíátù ni, ìyàwó Bákàrè, tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ìsìnkú fáwọn Àṣàǹtí ní Asawase nílẹ̀ Àṣàǹtí lọ́dún 1995.

Kọ̀ǹpútà yẹn ló bàjẹ́. Sàláhúdéènì, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lọ́jà Kejetia. Ìgbà tó gbé e dé, ẹ̀rọ ń falẹ̀ bí ìgbín. Ni Ràzíátù bá bọ́ sáàárín agbo ilé, ó figbe ta: "Sàláhúdéènì, olè! O ti yọ mẹ́mọ́rì inú ẹ̀ tà!"

Haba! Àbúrò ọkọ tó bá nílé, tí kì í dárúkọ ẹ̀, tó máa ń pè ní Akọ̀wé!

Kílẹ̀ tó ṣú, Asawase ti gbọ́. Bàbá ọmọ tí Sàláhúdéènì fẹ́ gbé níyàwó ránṣẹ́ pé àwọn ò ní í fọmọ fólè. Sàláhúdéènì ní òun á búra.

Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà Abọ́dẹrìn gbé Kùránì dé ṣọ́ọ̀bù Ràzíátù. Gbogbo ilé rọ́ tẹ̀ lé e.

"Ràzíátù, ṣé ẹ̀rọ yìí ò lè sọ ohun tó wà níkùn ẹ̀ ni?"

"Ó lè sọ ọ́, àlùfáà."

"O ti wá bi í?"

Ràzíátù ò tíì bi í. Ìbínú ò jẹ́ kó rántí. Ó jókòó, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ó tẹ MEM, àṣẹ tó ń ka mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ. Lẹ́tà funfun bá ya jáde. Mẹ́gábáìtì mẹ́jọ! Mẹ́jọ náà ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á. Ó tẹ CHKDSK, èyí tó ń yẹ díìsìkì tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí wò. Yé è! Díìsìkì ti kún dẹ́nu. Gbogbo òkú tó ti tẹ̀wé fún ló wà níbẹ̀, kò pa ẹyọ kan rẹ́ rí. Ohun tó mú un falẹ̀ nìyẹn.

Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ nǹkan yẹn kà. Ọwọ́ ẹ̀ rọra ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà.

"Kí ló wí?" Bákàrè bi í.

"Kasa, ah!" Ama, ayálégbé wọn tó jẹ́ Àṣàǹtí, ń pariwo kó sọ̀rọ̀.

Sàláhúdéènì ò pariwo ní tiẹ̀. Ó ti nawọ́ sí Kùránì. "Ìyàwó wa, sọ ohun tó bá wù ẹ́. Èmi á búra."

"Ẹ má búra!" Ràzíátù ti kúnlẹ̀. "Ó pé. Wọn ò yọ nǹkan kan. Ẹrù tèmi ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Sàláhúdéènì ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Wá, jẹ́ ká lọ bá bàbá ọmọ."

Ràzíátù sì bá a lọ, ó kúnlẹ̀ níta ilé bàbá náà, lójú gbogbo àdúgbò. Bàbá yẹn ò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn tán.

"Lánàá o ní olè ni. Lónìí o ní kì í ṣolè. Èwo ni ká gbà?"

Ó ti ilẹ̀kùn pa. Sàláhúdéènì ò rí ọmọ yẹn fẹ́ mọ́ o.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú ẹ̀rọ yẹn, tẹ́nì kankan ò mọ̀ ọ́n kà, ṣé ẹ ò ní í pa á ni?