Ọkọ̀ Trevor Penhall Ti Ṣe Tán

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, kí n kúkú sọ ọ́: ọkùnrin tó bá fi ọdún mẹ́rin to ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú gáráàjì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń wá. Trevor Penhall kò ní gbà fún yín. Agbára lòun ń wá ní tòun.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kerensa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Adelaide. Nígbà tí Kerensa wà ní kékeré, gbogbo ọ̀sán Sunday ni bàbá rẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ funfun yìí gbé e lọ sétí òkun Wallaroo, wọn á lá áìsìkiriìmù, wọn á padà sílé. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ láago.

"Dádì, ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì wà? Ẹ jẹ́ ká tún jọ wà á lọ sétí òkun."

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti darúgbó. Jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

Títún ṣe wá di àtúndá. Bí Kerensa bá pè lọ́dún Àjíǹde, irin kan kò tíì dé. Bó bá pè ní Kérésìmesì, irin ti dé, àmọ́ kò wọ̀.

Glenys, ìyá àgbà tó mú ilé tì í, yọjú lórí ọgbà lọ́jọ́ kan. "Trevor, ṣé bàálù lò ń kàn níbẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ẹ fetí sílẹ̀." Ó nu ọwọ́, bí olùkọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ihò mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítìnì kan, irin tó ń lọ sókè sódò, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á fún un pọ̀, iná á ràn án, á bú gbàù, á ti písítìnì sísàlẹ̀, èéfín á wá jáde. Bí ọ̀kan ti ń fà, òmíràn ń fún, òmíràn ń bú, òmíràn ń tú èéfín. Wọn kì í sinmi."

"Bó o ṣe wí."

"Gbogbo ayé ló ń jẹ́ kí èéfín yẹn lọ lófo. Tọ́bò tí mo so mọ́ ọn ò gbà! Èéfín tó ń lọ á kọ́kọ́ yí fáànù kékeré kan. Fáànù yẹn àti èkejì rẹ̀ jọ wà lórí ọ̀pá kan náà ni, èkejì yìí ló sì ń rọ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ju èyí tó lè dá fà lọ. Afẹ́fẹ́ á gbóná, á gba inú ẹ̀rọ tó ń tù ú lára níwájú kọjá, á wọlé. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo pọ̀, agbára dé!"

"Ìyẹn ni pé èémí tó mí jáde ló tún fi ń mí."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí! Kò nílò ẹnikẹ́ni."

Glenys wò ó títí. "Mo gbọ́. Páì ẹran ṣẹ́ kù nílé mi, wá jẹun."

Kò lọ. Ó ń wọn òrùka písítìnì.

Nígbà tí agbára tó, ó kọjú ìjà sí ìwúwo. Ó tú rédíò, ó tú kápẹ́ẹ̀tì, ó tú ohun gbogbo tí kò lè mú ọkọ̀ sáré, ó kó wọn dà síta. Glenys ṣa èyí tó wù ú níbẹ̀. Títí di òní, ológbò rẹ̀ ń sùn lórí ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó wá pe Kerensa fúnra rẹ̀: "Ó ti ṣe tán."

Ọmọ náà dé ní Sunday, ó dé fìlà ìyá rẹ̀ sórí. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wàásù títí oòrùn fi yí. Kerensa dúró, ó ń mi orí. Nígbà tó yá, Trevor ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ó tẹ̀ ẹ́, tọ́bò súfèé, àwọn ẹyẹ orí wáyà fò lọ.

"Dádì! Ẹ ṣe é lóòótọ́!"

Ọdún mẹ́rin ni Trevor ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú gáráàjì níbi tí kò sẹ́nìkan. Àyà rẹ̀ wú ju táyà lọ.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Kerensa wí. "Èmi ni mo máa ra áìsìkiriìmù lónìí."

Trevor jókòó, ó so bẹ́líìtì, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń retí kí ilẹ̀kùn kejì pa dé. Kerensa yí gba òdì kejì, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú. Kò wọlé.

Àga awakọ̀ nìkan ló kù nínú ọkọ̀ náà.