Ọkọ́ Màmá

“‘Ọkọ mi ló tọ́ àwọn ọmọ mi.’” Qúdrát, aládùúgbò Hilda ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, kà á sókè láti inú fóònù rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àǹtí Hilda, ẹ ò sọ fún mi rí pé bàbá yín ṣe tó báyìí!”

Hilda já fóònù náà gbà. Òun ló kọ ìwé náà, ìtàn ayé ìyá rẹ̀, bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ kó tó kú. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó kọ ló ń wò yìí. Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní ìhòòhò bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. *Oko mi lo to awon omo mi.*

Ọkọ́ ni Màmá wí. Ọkọ́ tó fi ń roko olóko lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù lọ, tó fi òun àti ọmọ méjì sílẹ̀.

Obed, àbúrò rẹ̀, ló sọ ìwé náà di èyí tí wọ́n ń kà lórí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà Obed ni Hilda ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ìwé náà tó jáde, àmì sì pé síbẹ̀. Hilda wọ bàtà, ó gba Bẹẹrẹ gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀bù Obed ní Mápó. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń bá a wá àwáwí nínú ọkàn ara rẹ̀: bóyá àṣìṣe ni, bóyá kò mọ̀.

Obed mọ̀.

“Sísítà mi, fóònù àtijọ́ ò lè gbé e. Bí àmì bá wà lókè lẹ́tà, tí òmíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpótí òfìfo ló máa ń gbé jáde. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ni mo bá yọ àmì kúrò.”

“O ò sì sọ fún mi?”

“Ẹ ò ní gbà.”

“Gbólóhùn Màmá yẹn ńkọ́? Ká ní o pè mí ni, ǹ bá kọ ‘ọkọ́ tí mo fi ń roko’. Ta ló máa ṣì í kà?”

Obed ń fi àtàǹpàkò nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò dọ̀tí. Hilda wò ó, ó sì rí i pé ó ti kíyè sí gbólóhùn náà tipẹ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ó ti fi ata sẹ́nu.

“Bàbá kà á,” Obed wí jẹ́jẹ́. “Fóònù kékeré kan ni wọ́n ní, l'Ógùnpa tí wọ́n ń gbé. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé Màmá ti dárí ji àwọn.”

Hilda di tábìlì mú. Ó ti gbà tipẹ́ pé ọkùnrin yẹn ti kú sí ìlú òkèèrè. Ògùnpa, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé!

“Yọ ìwé náà kúrò.”

“Màá yọ ọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá ńkọ́?”

Hilda ò gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹ̀yìn Màmá ni Obed wà nígbà tí ọkùnrin náà lọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò pe ọ̀rọ̀ náà, ‘bàbá’, nínú ilé wọn. Àmọ́ nísinsìnyí, ó já geere lẹ́nu Obed. Kò kọsẹ̀ rárá, bí ọ̀rọ̀ téèyàn ti ń pè lójoojúmọ́, láti ọdún pípẹ́.