Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Géètì Àdúgbò Wa

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, orí mi ti funfun sí ẹ̀yìn odi. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí ìjọba kan ń fọ́nnu pé òun ti rí ojútùú olè, àdúgbò wa ni mo máa ń rántí.

Olè ò jẹ́ ká sinmi nígbà náà. Wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó aṣọ lórí okùn, wọ́n tilẹ̀ tú ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kan gbé lọ. Ni káńsù bá ní àwọn yóò fún wa ní géètì irin. Olórí ìgbìmọ̀ ààbò ni akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì. Baba Ètò là ń pè é, torí bí ilé bá ń jó, yóò ní ká kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò pariwo.

Ìyá mi dìde nípàdé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn àdúgbò ńkọ́? Gbayawu ló ṣí sí pápá."

"Ìyá wa," Baba Ètò dáhùn, "ṣé ẹ̀yìn ni alága káńsù máa gbà wọlé ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Orí wọn ló mọ ìdí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì kù díẹ̀ kó gba òmìnira. Ẹni tí ò bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ọ̀gá wọn kì í tú u sílẹ̀. Ìyá wa ti ṣe wàhálà títí ó fi ra ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan fún un, dúdú, tó ń dán.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Baba Ètò ní alága káńsù tó jẹ́ àlejò wa gbọ́dọ̀ ṣí géètì fúnra rẹ̀, kí gbogbo wa sì tẹ̀ lé e wọlé. Ni wọ́n bá kó wa síta, tọmọdé tàgbà. Wọ́n ti àgádágodo, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí káńsù. Oòrùn ń pa wá, alága ò dé.

"Ẹ wo ibẹ̀ yẹn!" Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sáàárín irin.

Ọkùnrin méjì ń jáde láti ilé dé ilé, wọn ò kánjú rárá. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi léjìká.

"Olè! Ẹ ṣí géètì!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba," ni Baba Ètò wí.

"Ẹ jẹ́ n fọ́ ọ!" Bíríkìlà kan ti gbé òkúta.

"Ẹni tó bá já rìbọ́ọ̀nù yẹn, ìjọba ló rí fín!"

Olè kejì juwọ́ sí wa. "Ẹ kú ìdúró o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ká yẹ̀rì sókè, ó gun géètì, rìbọ́ọ̀nù já.

"Ètò ti bàjẹ́!" Baba Ètò káwọ́ lérí.

Ẹ̀gbọ́n mi lé wọn dé pápá. Irin kì í ṣe ẹrù eré. Olè ju ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó sá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e rù, ó ń bọ̀, aṣọ rẹ̀ ti ya. Àsìkò yẹn gan-an ni alága káńsù dé tó ṣí géètì. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a wá ló ṣáájú wọlé.

"Olè rèé!" Wọ́n ki í mọ́lẹ̀.

"Ẹ rí i?" Alága rẹ́rìn-ín sí àwọn ayàwòrán. "Lónìí tí a ṣí i, ó ti mú olè!"

"Ọmọ mi ni!" Ìyá mi yíjú sí Baba Ètò. "Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀!"

Ó wo alága, ó wolẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí àlejò parí ọ̀rọ̀ wọn ná."

Wọ́n tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ di ẹ̀rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba òmìnira, òun ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Títí ni òun àti ìyá wa ń lọ sí téṣàn.

"Ẹjọ́ ò tíì parí," ni ọ̀gá ọlọ́pàá máa ń wí.

"Ta lẹ̀ ń bá ṣẹjọ́, sà?"

"Olè náà. A ṣì ń wá a. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ yín wà níbi tí olè kankan ò lè dé."

Láti yàrá ẹ̀yìn, ẹnì kan ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ lọ ràì.

"Mò ń gbọ́ ọ, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.