Mọ́tò Tí Kò Ṣeé Pa Lójú Àgbà

Bàbá mi, Theophilus, pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó kó ilé-ìwé náà wá sílé wa ní Ìbarà. A ní agogo jíjí, a ní agogo oúnjẹ, a ní agogo àdúrà. Àlejò tí kò bá nu bàtà kó tó wọlé, Bàbá á kàn máa wo bàtà náà títí olúwa rẹ̀ á fi padà sẹ́nu ọ̀nà. Èmi Títílọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ṣì máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni Dìran, àfẹ́sọ́nà mi, fẹ́ tọrọ ọmọ, mọ́tò alátọ́bò ló sì gbé wá.

Nídìí òkúta fífọ́ ní Ewékorò ni Dìran ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1984, òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń padà sílùú rẹ̀, ó sì ta Pijó rẹ̀ fún un. Tọ́bò yìí jẹ́ fáànù kékeré kan tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tí òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ẹlòmíràn ì bá wà á jẹ́ẹ́jẹ́ kó sì máa dúpẹ́. Dìran ní agbára ṣì kù nínú rẹ̀ tí wọn ò tíì yọ, ló bá gbé e lọ bá Jùbrílù mẹkáníìkì ní Òwu.

Jùbrílù kì í kánjú. Ó ní òun ò lè di ẹrù lé aláìsàn lórí, nítorí náà ó kọ́kọ́ yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò, ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó sì yọ gbogbo họ́ọ̀sì tó ti sán. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fi sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ rọ́pò tàtijọ́. Ó wá ń fún ibi tí afẹ́fẹ́ àṣẹ́kù ń gbà jáde mọ́ díẹ̀díẹ̀, kí tọ́bò lè máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọlé. Bó bá ti fún un díẹ̀, wọ́n á gbé mọ́tò náà dán wò lójú títì kó tó tún fọwọ́ kàn án. Mo mọ gbogbo èyí torí pé bẹ́ǹṣì ọ̀dọ̀ Jùbrílù ni mo ti ń lo ọjọ́ Sátidé mi. Ẹlòmíràn ń bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ wo fíìmù.

Nígbà tí wọ́n parí, bí Dìran bá tẹná, mọ́tò náà á gbéra bí ẹni tí wọ́n pè pé oúnjẹ ti délẹ̀. Òfin kan péré ni Jùbrílù fún un. Ó ní bó bá ti sáré, kò gbọdọ̀ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó jẹ́ kó máa mí níbi tó dúró sí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní fáànù náà ti gbóná janjan nígbà yẹn, òróró ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàn kọjá ló sì ń tù ú. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, òróró náà á dúró sójú kan, á sì jóná mọ́ ọn bí òróró tí oníàkàrà gbàgbé sórí iná.

Bẹ́ẹ̀, nílùú tiwa, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó wa mọ́tò á pa á, kó tó kí àgbà. Àwọn tó ń wa tírélà sìmẹ́ńtì pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Dìran kọ́kọ́ wá, ó ń bẹ̀rù kó má baà pẹ́, ló bá sáré láti Ewékorò dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá ti dúró ní fàráńdà. Dìran bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mọ́tò sì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ò wo ẹni tó wà nílẹ̀, mọ́tò ló ń wò. Ó bi í bóyá ó ń lọ síbì kan ni. Dìran ní rárá, ó ní ẹ́ńjìnnì ló ní láti sinmi kí òun tó lè pa á.

Bàbá ní, “Kí mọ́tò sinmi ná, kí èmi tó gbọ́ ohùn ẹni tó wá kí mi?”

Ó wọlé, ó sì tilẹ̀kùn. Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún mi pé ẹni tó ń tọrọ aya tí kò pa mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lọ́nà, òun ò sì ní fọmọ fún ẹni tó fẹ́ sá lọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Jùbrílù fún un, àti tòróró àti tàkàrà. Ó ní òun ò béèrè àkàrà.

Inú àwọn méjèèjì bí mi. Mo sọ fún Dìran pé bó bá tún fojú kan Bàbá, kó pa mọ́tò lójú rẹ̀, bó bá fẹ́ bàjẹ́ kó bàjẹ́. Dìran dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òun wá ń wojú tọ́bò. Mo ti ní orogún kí n tó délé ọkọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá tí Bàbá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òun ni yóò ka Bíbélì nílé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì kan ní Ewékorò, ni mọ́tò ìjàpá rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣáná. Bàbá tó ń lé ọmọ padà sílé nítorí pípẹ́ ló wá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò gbàṣẹ. Mo sáré lọ pe Dìran lọ́dọ̀ Jùbrílù ní Òwu.

Bàbá wọ iwájú, mo jókòó sẹ́yìn. Tírélà tò lọ bẹẹrẹ níwájú wa. Nígbà tí ọ̀nà là, Dìran tẹná, gbogbo wọn sì di ẹ̀yìn wa. Bàbá di Bíbélì rẹ̀ mú. A débẹ̀ kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀, Dìran ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá bi í bóyá ó ti rẹ mọ́tò náà ni. Mo bu ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Dìran bá tún tẹná, ó sáré gun òkè Ìbarà títí dé ẹnu ọ̀nà wa.

Bí a ti dúró báyìí, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì pa á. Kò jẹ́ kó mí rárá. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níwájú mi, ó le gan-an. Gbogbo Sátidé ọ̀dọ̀ Jùbrílù ló fi tọrọ mi yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí pé mo ti pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní àìnífẹ̀ẹ́.

Bàbá ò ṣílẹ̀kùn.

Ó ní, “Ta ló ní kí o pa á? Ṣáná sí i padà.”

Dìran yíjú sí i. Bàbá ní,

“Mo ti lọ bá Jùbrílù ní Òwu. Mi ò fẹ́ràn kí n máa bínú sí ohun tí mi ò mọ̀. Ṣáná sí i kó tó jóná.”

Dìran ṣáná sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, ẹ́ńjìnnì ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá bi í ta ni àgbà ilé wọn. Dìran ní bàbá òun ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló kù. Bàbá ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé kí wọ́n máa bọ̀, òun ń retí wọn.

Omijé ti ń dà lójú mi lẹ́yìn wọn. Dìran nawọ́ sílẹ̀kùn kó lè bọ́ sílẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ni Bàbá bá di apá rẹ̀ mú.

“Jókòó. Kò tíì tutù.”